Irọ́ ni pé a ò nílò ìyàsọ́tọ̀ mọ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ayé ìyàsọ́tọ̀ (yíya ẹni tó ní àrùn sọ́tọ̀ kó má baà kó o ran ẹlòmíràn) ti kọjá, pé òògùn àti àjẹsára ti pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí Èkó, oṣù Keje 2014. Arìnrìn-àjò kan gbé Ẹ̀bólà wọlé láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀, kò jẹ́ kí arìnrìn-àjò náà kúrò ní ọsibítù. Àrùn náà ló padà pa dókítà yìí; gbèsè ọpẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa. Àwọn elétò ìlera wá tọpa àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kó o, nǹkan bí 900. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ kíá. Ènìyàn 20 ló kó o, 8 kú, ó sì dáwọ́ dúró. Kò sí àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà náà.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àrùn ló nílò ìyàsọ́tọ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, a kì í ya oníbà sọ́tọ̀.

Ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, lórí 6232 kí ẹ bi wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.