Iná Kì Í Pa Májèlé Inú Ẹja Orí Àpáta Iyùn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ apẹja tó bá gbé ẹja ńlá wọlé: "Èmi fúnra mi ni mo fà á jáde. Àárọ̀ yìí ló ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, mo sì ti sè é jinná dáadáa. Kí ló tún kù nínú rẹ̀ tó lè ṣe ènìyàn?" Àwọn ìyá wa náà ní tiwọn, pé ohun tí iná bá ti wọ̀ dénú kò ní wàhálà mọ́. Ní ti ẹja odò, ní ti ṣáwá àti panla, ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà dé ìwọ̀n àyè kan. Ní ti ẹja ńlá tí wọ́n fà jáde lórí àpáta iyùn, tí òyìnbó ń pè ní coral reef, nínú àwọn òkun ilẹ̀ olóoru, irọ́ ni, irọ́ tó ń gbé odidi ìdílé dé ọsibítù.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Florida ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, àti àwọn tó ń wá síbẹ̀ láti Houston, Atlanta tàbí Chicago láti wá fi ẹja pípa gbádùn ìsinmi. Ọkọ̀ á kúrò ní Key West tàbí Islamorada kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí wọ́n bá dé ibi tí àpáta ti já sínú ibú, ọ̀gá ọkọ̀ á dín ẹ́ńjìnnì kù, kálukú á sì sọ jig tirẹ̀ sísàlẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó ń kọ mànà ni jig, ó lè wọn 150 gram tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn kúkúrú ni wọ́n sì fi so ìwọ̀ mọ́ ọn lórí. Á máa lọ, á máa lọ, títí okùn á fi dẹ̀ lójijì. Ìsàlẹ̀ nìyẹn. Wọn á wá máa já a sókè, wọn á tún jẹ́ kó máa yí gbirigbiri wálẹ̀, kó lè jọ ẹja kékeré tó ti ṣèṣe. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ọ̀pá á tẹ̀, tí orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí, torí pé ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹja tó ń jẹ ewé òkun kì í lé irin. Ẹja tó ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lé e: amberjack, grouper, àti kúta tí òyìnbó ń pè ní barracuda. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni orúkọ wọn máa ń ṣáájú bí àwọn onímọ̀ bá ń ka ẹja tó ń kó májèlé ciguatoxin jọ sára.

Ohun abẹ̀mí tíntín kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń pèsè májèlé náà. Gambierdiscus ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé ní àwọn erékùṣù Gambier ní French Polynesia ni Takeshi Yasumoto, ọmọ ilẹ̀ Japan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tọpa rẹ̀ rí i ní 1977. Orí ewé tó hù bo iyùn tó ti kú ló ń gbé. Àwọn ẹja kéékèèké tó ń họ ewé yìí jẹ á gbé e mì, májèlé rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lára wọn. Ẹja tó jù wọ́n lọ á jẹ wọ́n, ẹja ńlá á tún jẹ ìyẹn. Bí alájọ ṣe ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ọjà títí àpò rẹ̀ á fi wú, bẹ́ẹ̀ ni kúta tó ti pẹ́ lórí àpáta ṣe ń gba ìpín lọ́wọ́ gbogbo ẹja tó bá gbé mì. Kò sì ní hàn lára rẹ̀. Ara rẹ̀ á máa dán, agbára rẹ̀ á pé, á jà títí apá á fi ro ẹni tó mú un.

Ìdí tí ìgbàgbọ́ yẹn fi rinlẹ̀ kò fara sin. Ẹja tó bá ń rà, òórùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tú àṣírí. Kòkòrò àìfojúrí ló ń bà á jẹ́, iná sì ń pa kòkòrò, yìnyín ń dá a dúró, iyọ̀ àti èéfín náà ń ṣe tiwọn. Ọgbọ́n tí àwọn ẹlẹ́ja wa ní kì í ṣe ọgbọ́n kékeré: ojú ẹja mọ́ kedere, abẹ́ etí rẹ̀ pupa, ara rẹ̀ le bí wọ́n bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ciguatoxin kì í ṣe kòkòrò, kẹ́míkà ni. Kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀ tí iná máa pa. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ yan án, ẹ fi iyọ̀ sí i kí ẹ sá a sóòrùn, ẹ jù ú sínú fìrísà fún oṣù mẹ́fà, bó ṣe wà náà ló máa wà. Kò ní òórùn, kò ní adùn, kò ní ìkorò, kò sì ní àwọ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí ciguatoxin ti òkun Caribbean má ju 0.1 microgram lọ nínú kílò ẹja kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: gram kan péré tó láti gbé 10,000,000 kílò ẹja dé ojú ààlà yẹn. Nígbà tí Yasumoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ mọ bí kẹ́míkà náà ṣe rí gan-an, 4,000 kílò moray, ẹja gígùn tó máa ń sá sínú ihò àpáta, ni wọ́n kó jọ. 0.35 milligram ni wọ́n rí yọ nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní 1989. Ahọ́n ta ló fẹ́ tọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò nínú ọbẹ̀?

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìdánwò àtijọ́ tan yín. Wọ́n á ní bí eṣinṣin kò bá bà lé e, kí ẹ má jẹ ẹ́. Wọ́n á ní kí ẹ gbé e fún èèrà wò, tàbí kí ẹ ju owó fàdákà sínú ìkòkò kí ẹ wò ó bóyá á dúdú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń mú májèlé yìí. Ti àwọn tó ní kí ẹ kọ́kọ́ bù ú fún ológbò jẹ nìkan ló ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, torí pé ó ń ṣe ológbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí àmì tó yọ lára rẹ̀, ilé ti lè jẹun tán. Àwọn kan á tún ní, "A ti ń jẹ ẹja àpáta yìí tipẹ́, kò ṣe wá rí." Ẹja méjì tí wọ́n fà jáde lójú kan náà, láàárọ̀ kan náà, ọ̀kan lè mọ́ kí èkejì gbé májèlé dání. Èyí tí ẹ jẹ lọ́dún tó kọjá kò lè jẹ́rìí fún èyí tó wà nínú kúlà yín.

Ẹ wo bí àìsàn tí májèlé yìí ń fà, tí wọ́n ń pè ní ciguatera, ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í ru: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, inú rírun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á rò pé ata ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni ètè àti ìka á máa ṣe wìnnìwìnnì, ara á máa yún, oríkèé á máa ro. Èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn tó ti ní in jù ni pé òtútù á di iná lára wọn. Ẹni tó bá di ife omi yìnyín mú á jù ú sílẹ̀ pé ó jó òun. Májèlé náà ló ṣí ẹnu ọ̀nà tí sodium ń gbà wọ inú iṣan ìmọ̀lára sílẹ̀ gbayawu, iṣan á wá máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ikú kò wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, ìyà rẹ̀ ló ń pẹ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, ọtí, ẹja mìíràn tàbí kajú sì lè jí i padà nígbà tí ènìyàn ti rò pé ó ti lọ. Kò sí oògùn tó ń ta á dànù. Wọ́n ti gbójú lé oògùn kan tó ń jẹ́ mannitol nígbà kan, lẹ́yìn ìròyìn kan ní 1988, ṣùgbọ́n ìdánwò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé kò sàn ju omi iyọ̀ lásán lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní oṣù keje ọdún 1774, àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ James Cook, atukọ̀ ojú òkun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ ẹja pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde ní Malakula, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Vanuatu lónìí. Ara wọn wó, ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ nínú ẹja náà sì kú. Ní 1787, Antonio Parra, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, kọ̀wé nípa àìsàn yìí kan náà ní Havana, ní Cuba, tí kò jìnnà sí Key West. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti ń rí i lára ẹja amberjack ní erékùṣù Canary láti 2004, àwọn olùwádìí sì kọ nípa rẹ̀ ní etíkun Cameroon ní 2008. Etíkun Èkó kò ní àpáta iyùn bíi ti Florida, n kò sì ní kí ẹ sá fún kúta ọjà. Àmọ́ Cameroon kò jìnnà.

Ibi tó wá kan àwa Yorùbá jù ni orí ẹja. A kì í fi orí ẹja ńlá ṣeré, àgbà ilé la máa ń gbé e fún, pẹ̀lú ẹ̀dọ̀ àti ẹyin rẹ̀ nínú pẹpẹsúùpù. Àwọn ibi tí ciguatoxin ń pọ̀ sí jù nìyẹn: orí, ẹ̀dọ̀, ìfun, ẹyin. Bí ẹ bá ní ẹja orí àpáta lọ́wọ́, ọ̀wọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́. Ẹ bá mi dá a dúró.

Ohun tí mo rí i pé ó mọ́gbọ́n dání ni kí kúta orí àpáta padà sínú omi, bó ti wù kó kéré tó. Kí amberjack ńlá àti grouper ńlá náà padà. Ẹ ya àwòrán, ẹ gbádùn ìjà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Mahi-mahi, tó ń jẹun kiri lójú agbami, ewu tirẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ̀ pé ẹja wo ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ kì í jẹ. Wọ́n mọ̀, wọn kì í sọ bí a kò bá bi wọ́n ni.

Bí ara bá sì ti ń ṣe ẹnikẹ́ni, ẹ má fi àgbo tàn án. Ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì dárúkọ ẹja náà àti ibi tí wọ́n ti pa á fún dókítà, nítorí dókítà tó wà ní Chicago lè má rí irú rẹ̀ rí. Ẹ fi èyí tó kù sínú fìrísà, ẹ má dà á nù: ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò FDA tó wà ní Dauphin Island, ní Alabama, máa ń yẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wò. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, torí pé ó lè bá wàrà dé ara ọmọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe gbogbo ẹni tí ẹ ti bu nínú ẹja náà fún, aládùúgbò, ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará mọ́ṣáláṣí, kí ìkòkò tiwọn náà sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.