Afẹ́fẹ́ ìta ni ó di abọ́ Magdeburg mú
Ìròyìn yín sọ pé òfìfo inú abọ́ bàbà méjì tí Otto von Guericke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, dé pọ̀ ní ìlú Magdeburg ní 1657 ni ó fà wọ́n mọ́ra, tí ó fi ṣòro fún ẹṣin 16 láti yà wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe: afẹ́fẹ́ ìta ni ó tẹ̀ wọ́n pọ̀, nítorí pọ́ǹpù ti fa afẹ́fẹ́ inú tí ì bá tì í padà. Ẹ ṣí ihò kékeré ara abọ́ náà kí afẹ́fẹ́ wọlé, wọn yóò yà fúnra wọn. Ó dùn mí pé ẹ kò dárúkọ Florin Périer, ẹni tí ó gbé mẹ́kúrì (irin olómi) àti ọ̀pá gíláàsì gun òkè Puy de Dôme ní ilẹ̀ Faransé ní 1648, tí mẹ́kúrì inú ọ̀pá náà sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 lọ sílẹ̀, nítorí títẹ̀ afẹ́fẹ́ ìta dín kù lórí òkè.