Kì í ṣe eyín tí wọ́n yọ ló fọ́ ojú bàbá yín

Ìsọmọlórúkọ ni mo lọ ní Peckham, ní London níbí, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mi ò lọ jà. Àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí tábìlì wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú bíi pé ó ki odindi àkàrà bọ ẹnu, omi ọbẹ̀ nìkan ló ń mu. Ó ní eyín ọgbọ́n ni, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó ní wọ́n ti fún òun lọ́jọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́, wọ́n sì máa gún òun lábẹ́rẹ́ tí òun ò fi ní mọ nǹkan kan.

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bùrọ̀dá kan tó wọ agbádá aláwọ̀ ewé fi gbé ṣíbí kalẹ̀. "Eyín òkè kẹ̀? Ṣé o fẹ́ fọ́jú ni, ìwọ ọmọ yìí? Iṣan eyín òkè ló gbé ojú dúró. O ò tiẹ̀ bi ara rẹ léèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kun ẹ́ lóorun? Kí o má baà mọ ìgbà tí wọ́n máa fi ẹ̀mú kan iṣan ojú rẹ ni! Bàbá mi gan-an nìyẹn. Wọ́n yọ eyín òkè fún wọn lọ́dún 1994, kó tó di 1997 wọn ò mọ ẹni tó wọlé mọ́."

Gbogbo tábìlì ń mi orí. Ọmọ náà wojú mi. Nítorí ìwò yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí, torí níbi tí ìlù ti ń dún, ìdajì ohun tí mo sọ ni bùrọ̀dá gbọ́, ìdajì yẹn náà ló sì bí wọn nínú.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn kí n tó mọ orúkọ ara mi í kọ. Kì í sì í ṣe ilé wa nìkan ló wà. Àwọn ará Íńdíà ń sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Òyìnbó pàápàá, eyín ṣóńṣó tó wà lókè ni wọ́n ń pè ní eyín ojú, torí pé abẹ́ ojú ló dúró sí. Kí ọ̀rọ̀ gbilẹ̀ kò sọ ọ́ di òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣan tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí. Iṣan tó ti inú ọpọlọ jáde sí orí jẹ́ méjìlá lọ́tùn-ún, méjìlá lósì, àwọn oníṣègùn sì fún wọn ní nọ́ńbà láti 1 dé 12. Nọ́ńbà 2 ni iṣan ìríran. Ẹ̀yìn ẹyinjú gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ihò tirẹ̀ nínú eegun, ó wọnú ọpọlọ lọ. Kò yà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò kí eyín kankan lọ́nà. Nọ́ńbà 3, 4 àti 6 ló ń yí ẹyinjú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nọ́ńbà 5 ló ni eyín. Ó pẹ̀ka mẹ́ta: ọ̀kan lọ sí iwájú orí àti àyíká ojú, ọ̀kan sí àgbọ̀n òkè, ọ̀kan sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún eyín ni kó máa jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé ibí ń ro mí, ibí tutù, ibí ń gbóná. Kò mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn.

Nítorí pé ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé lórí ìtì kan kí wọ́n tó wọnú ọpọlọ, ọpọlọ máa ń ṣi iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ fún un gbọ́ nígbà mìíràn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá kejì, ẹni tó wà ní yàrá kìíní ló dáhùn. Ìdí nìyẹn tí akokoro òkè fi lè máa ta ẹ títí dé ìdí ojú, tí omi á sì máa bọ́ lójú. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí àwọn tó gbà á gbọ́ ní lọ́wọ́, pẹ̀lú "mo mọ ẹnì kan." Gbogbo wa la mọ ẹnì kan.

Ẹ wá wo eegun fúnra rẹ̀. Ojú kọ́ ló wà lórí gbòǹgbò eyín ọgbọ́n òkè. Yàrá òfìfo kan ló wà nínú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, òun náà ló máa ń dí nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú wa, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wá wúwo. Òrùlé yàrá yẹn ni ilẹ̀ tí ojú jókòó lé. Ẹni tó bá fẹ́ ti ibi eyín kan ojú lára, àfi kó la yàrá náà já kó tún dá òrùlé rẹ̀ lu. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni pé gbòǹgbò sún mọ́ ilẹ̀ yàrá náà jù, tí wọ́n bá fà á, ihò kékeré á ṣí, omi téèyàn ń mu á máa gba imú jáde. Dókítà á rán an, á san. Ẹ ṣàkíyèsí pé imú ló sọ̀rọ̀, ojú kò dá sí i. Ti ìsàlẹ̀ ńkọ́? Iṣan tó lọ sí ètè ìsàlẹ̀ àti àgbọ̀n ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, èyí tó lọ sí ahọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n lè fara pa, kí ètè tàbí ahọ́n kú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan. Ti àwọn díẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò mọ́. Ẹni tó bá ń wá ohun tó máa bẹ̀rù, ẹ̀rù gidi nìyẹn, òun sì ni wọ́n kọ gàdàgbà sínú ìwé tí mo fọwọ́ sí kí wọ́n tó yọ tèmi. Mi ò gbọ́ kí ẹnì kan ní tábìlì yẹn dárúkọ ahọ́n.

Ìyá bàbá mi kò ní eyín kan ṣoṣo lókè nígbà tí mo dáyé bá wọn. Àwọn náà ló ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà fún gbogbo ilé nírọ̀lẹ́, torí wọ́n ní ojú àwa ọmọ kò dá.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé eyín tí a kọ̀ tí a ò yọ ló lè ṣe ojú níbi. Tí eyín òkè bá jẹrà tí ọyún gbà á, tí a ń fi omi iyọ̀ àti kànáfùrù tàn án, ọyún náà lè gòkè lọ sí ibi tí ojú jókòó sí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tó dé ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún. Tí àrùn bá gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, ó lè fọ́ni lójú, ó lè pani pàápàá. Ti ìsàlẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn ni, ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun pa. Ẹ wá wo bí ìtàn náà ṣe ń lọ ládùúgbò. Ẹni tó ń bẹ̀rù fún ojú rẹ̀ fi eyín sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tí ojú wú dí pátápátá ló tó sáré dé ọsibítù. Wọ́n yọ eyín, ojú ti bàjẹ́. Kí làwọn aládùúgbò á wí? "A ò ha ti sọ fún un?"

Ó wá ku bàbá bùrọ̀dá. Mo bi wọ́n láwọn ìbéèrè kan kí wọ́n tó yí àga wọn padà. Ṣé ojú náà ro bàbá? Rárá o. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Wọ́n kàn ń forí gbá férémù ilẹ̀kùn, wọ́n ń kọlu àwọn tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, nígbà tó yá, ibi tí wọ́n ń rí sún dà bí inú páìpù. Ọdún mẹ́ta gbáko! Ẹ̀mú wo ló kan iṣan lónìí tó máa dúró di ọdún mẹ́ta kó tó jíṣẹ́? Èmi télọ̀ kì í ṣe dókítà, mi ò sì yẹ ojú bàbá wò. Ṣùgbọ́n bí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ṣe ń wọlé nìyẹn: kò ní ro ọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ bọ̀ wá sáàárín, èyí tó bá sì ti jẹ kò ṣeé gbà padà. Ó ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, ó sì ń tètè mú wa. Ó tún máa ń rìn nínú ìdílé. Mo bi bùrọ̀dá bóyá wọ́n ti yẹ ojú tiwọn wò rí. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ mẹ́rin ni bàbá bí, kò sí èyí tó jẹ́ fi eyín òkè rẹ̀ ṣeré, kò sì sí èyí tó mọ bí ojú òun ṣe wà.

Ti abẹ́rẹ́ akunilóorun ńkọ́? Mo lè sọ ti èyí torí mo ti jókòó sórí àga yẹn. Eyín ọgbọ́n apá òsì mi, òkè àtìsàlẹ̀, ojú mi là kedere ni wọ́n yọ ọ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 2009. Ẹnu mi nìkan ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa, mo sì ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń ya pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Tó bá jẹ́ torí kí wọ́n lè fi iṣan ojú pa mọ́ ni wọ́n ṣe ń fúnni ní tòògbé-tòògbé, kí wá ni wọ́n fi pa mọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn?

Ẹ̀rù ìró yẹn ni mo gbé wá sí London tí apá ọ̀tún fi di ọ̀ràn lọ́dún 2018. Wọn kì í kàn fà á níbí bó ṣe wù wọ́n: láti ọdún 2000 ni ìlànà ìjọba ti wà pé kí wọ́n má yọ eyín ọgbọ́n tí kò ní àrùn. Tèmi ní àrùn. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran ìdí eyín bò ó lójú kan, oúnjẹ ń há sábẹ́ rẹ̀, ó ti wú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kí wọ́n fún mi ní sedation, ìyẹn tòògbé-tòògbé yẹn. Wọ́n ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi, wọ́n fi nǹkan há mi níka bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ, ó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ mi àti bí ọkàn mi ṣe ń lù. Oògùn náà ń jẹ́ midazolam. Mo rántí àwòrán ẹja kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àjà. Ohun tó kàn tí mo rántí ni inú ọkọ̀ ọkọ mi.

Mo ní, "Mo mà sùn o." Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé mo ń ya ẹnu nígbà tí wọ́n ní kí n yà á, mo ń yí orí nígbà tí wọ́n ní kí n yí i, mo sì bi òun lẹ́ẹ̀mejì pé ta ló rán aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó sùn kì í béèrè télọ̀. Oògùn yẹn ń fi ara balẹ̀ fúnni, ó sì ń nu ìrántí nù, ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbà á fi ń búra pé òun sùn. Kò tiẹ̀ ń pa ìrora. Wọ́n ṣì gún ẹnu mi lábẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oorun gidi, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ńlá, wọn kì í fúnni ní ilé dókítà eyín ní Gẹ̀ẹ́sì mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002; ọsibítù nìkan ni.

Ó dáa, mo gbà: abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ẹnu lè ṣìnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó jẹ́ kéèyàn máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti ń jí lojú náà máa ń jí. Midazolam náà lè mú kí èémí rọlẹ̀ jù. Torí ẹ̀ ni pẹ́ẹ̀gì yẹn fi wà níka, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú flumazenil, tó ń sọ agbára rẹ̀ di òfo, sítòsí, torí ẹ̀ náà ni wọ́n fi máa ń bi ẹ́ bóyá o máa ń hanrun tí èémí á sì dáwọ́ dúró.

Ojú tèmi ńkọ́? Mo ń lo dígí láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Àbúrò màmá mi ní eyín ló fà á. Ọdún 2016 ni mo ra dígí náà, mo ti pé ẹni ọdún 42, ọjọ́ orí tí ojú ẹni gbogbo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìwé síwájú. Mo fi rìsíìtì hàn wọ́n. Wọ́n ní eyín òsì ti 2009 ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa yọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo máa gbé e lọ, torí wọn ò ní jẹ́ kó dá lọ sílé, kò sì gbọdọ̀ wa mọ́tò tàbí fọwọ́ síwèé kankan fún wákàtí 24. Mo ti sọ fún un pé mo máa gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ náà, kó má lọ bá bùrọ̀dá yẹn ṣàríyànjiyàn lórí WhatsApp kó sì gbàgbé pé òun ṣe é.