Ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi rẹ́ ògiri ilé yẹn?

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ohun méjì péré ni mo ní kí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń báni tún fọ́tò ṣe bá mi ṣe sí fọ́tò ilé àtijọ́ kan tí mo yà lábúlé. Kó jẹ́ kí abẹ́ òrùlé tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó sì mú àwọ̀ búlúù tó bo gbogbo rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilé tó dá padà fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ilé ta ni?

Ògiri amọ̀ tí òjò ti fọ̀ títí tí koríko tí wọ́n pò mọ́ amọ̀ fi yọ síta, ó ti wá ń dán bí àwo tanganran. Páànù tó ti dógùn-ún ti di pupa fòò, àfi bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lánàá. Ìlà tó là láti orí fèrèsé wá sílẹ̀, ó dí i pa. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Aláǹgbá kan wà nínú fọ́tò mi lóòótọ́: orí rẹ̀ ti wọ inú ògiri, ìrù rẹ̀ ṣì wà lóde. Ọ̀gbẹ́ni dí ẹnu ògiri, ó pa ara aláǹgbá rẹ́, ó wá gbàgbé ìrù síbẹ̀. Ìrù nìkan, lára ògiri tó ń dán! Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ò tiẹ̀ wo ohun tó ń ṣe.

Okùn yẹn ló wá dùn mí jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, okùn kan so kọ́ lábẹ́ òrùlé, wọ́n so irin wúwo kan mọ́ ìdí rẹ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́ lọ́jọ́ náà. Okùn dúró gbọnrangandan, bí èyí tí bíríkìlà fi ń wọn ògiri. Ògiri ló fì sápá òsì, kì í ṣe ọwọ́ mi ló wọ́. Ilé ti dàgbà, ó ti fẹ̀yìn ti nǹkan. Ọ̀gbẹ́ni tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ohun tó wọ́ nínú fọ́tò tọ́ fúnra rẹ̀, ni ògiri bá nà ró ṣánṣán. Okùn ńkọ́? Okùn ti wọ́! Irin wúwo wà nídìí rẹ̀, atẹ́gùn ò fẹ́, síbẹ̀ ó ń lọ sápá òsì bíi pé ẹnì kan ń fà á.

Mo mọ ohun tí wọ́n ṣe bọ́tìnnì yẹn fún. Téèyàn bá gbójú kámẹ́rà sókè láti ya ilé, ògiri méjèèjì á dà bíi pé wọ́n fẹ́ forí kanra lókè. Ó yẹ kéèyàn tún ìyẹn ṣe, èmi náà máa ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ò mọ̀ pé ilé kan wà tó fì lóòótọ́. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló yẹ kó mọ̀, kó wá ohun tó so kọ́ nínú fọ́tò, kó fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n wà níwájú rẹ̀ gbangba, ó ṣáà wọ́ ọ.

Ojú ọ̀run tó funfun, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé oòrùn alẹ́ sẹ́yìn ilé, nígbà tó jẹ́ pé iwájú ilé ni oòrùn ń lù nínú fọ́tò mi, tí òjìji òrùlé sì já sórí ilẹ̀kùn. Oòrùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Fọ́tò kan wà tí mo lè gba irú ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́tò kámẹ́rà tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà láyé, ilé oko náà ni. Nicéphore Niépce, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ya fọ́tò láyé, ló yà á láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀ ní Saint-Loup-de-Varennes, lórílẹ̀-èdè Faransé, ní 1826 tàbí 1827. Ó pẹ́ púpọ̀ kí àwòrán tó mú, débi pé oòrùn rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan ilé dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ sì wà lára ògiri ọ̀tún àti tòsì. Oòrùn débẹ̀ lóòótọ́ ni. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn alátùn-únṣe òde òní, ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ pa rẹ́.

Kẹ́nikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé àtúnṣe ti wà tipẹ́. Mo mọ̀. Nígbà tí Helmut Gernsheim, òpìtàn fọ́tò, wá fọ́tò Niépce yìí rí ní 1952, wọ́n bá a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Kodak, ẹ̀dà náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá fi ọ̀dà kùn ún lọ́wọ́ ara rẹ̀. Èyí tó kùn yẹn ló kún inú ìwé. Àmọ́ irin pẹlẹbẹ tí Niépce ya fọ́tò náà sí gan-an wà ní Yunifásítì Texas di òní, ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ lè lọ wò ó. Tiwa dà? Ẹ tún un ṣe tán, ẹ tẹ "save" lé èyí tí wọ́n yà gangan lórí, ó parí. Kò sí irin kankan níbì kankan.

Ká má tíì sọ ti àwọn tó ń fi AI sọ fọ́tò kékeré di ńlá. Ògiri amọ̀ ni wọ́n fún un, ó to bíríkì síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bíríkì kankan nílé yẹn rí! Ẹ̀rọ ò rí ohun tó wà níbẹ̀, ó wá fọkàn rò ó, ẹ̀yin náà gbà á bẹ́ẹ̀.

Abẹ́ òrùlé tí mo tìtorí ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ó ṣókùnkùn síbẹ̀ bó ṣe wà. Fáìlì RAW ni mo fún un o, èyí tí gbogbo ohun tí kámẹ́rà rí ṣì wà nínú rẹ̀. Ìpele ìmọ́lẹ̀ 16,384 ló wà nínú rẹ̀ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, JPEG, irú fáìlì fọ́tò tí gbogbo èèyàn ń pín kiri, ò ju 256 lọ. Gbogbo igi àjà tó wà nínú òkùnkùn yẹn, wọ́n wà nínú fáìlì náà, wọ́n ń retí ẹni tó máa rọra fà wọ́n jáde. Èmi fúnra mi ti jókòó ṣe é lálẹ́ àná. Mẹ́rin ni igi náà, ìkán ti jẹ ọ̀kan dé ìdajì.

Èyí tí ọ̀gbẹ́ni ṣe ni àwọn èèyàn wá ń pín kiri báyìí, wọ́n sì ń kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dáadáa: èyí tí okùn rẹ̀ bá wọ́, èmi kọ́ ni mo yà á.