Wọn ò bò ó mọ́lẹ̀ o, wọ́n tiẹ̀ ń fi hàn yín ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sú mi tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìjọba apàṣẹwàá. Tí ìjà ẹ̀yà tàbí ìjà ẹ̀sìn bá ti bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ohun táwọn èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé "wọ́n máa bò ó mọ́lẹ̀ ni, aráyé ò ní gbọ́." Tí wọ́n bá wá rí i pé tẹlifíṣọ̀n ìjọba ń gbé e, tí wọ́n tún ń mú akọ̀ròyìn òkèèrè kiri ìgboro, wọ́n á ní áà, a jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ nìyẹn, ṣebí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò mọ́ kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Irọ́ ni jàre. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí yẹn gan-an wà lára iṣẹ́ náà. Ẹ wo Ṣáínà.

Lhasa, olú ìlú Tibet tó wà lábẹ́ Ṣáínà, oṣù kẹta ọdún 2008. Ọjọ́ 10 làwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà kọ́kọ́ jáde, ọlọ́pàá kó àwọn kan nínú wọn, ìgbà tó fi máa di ọjọ́ 14 ìgboro ti gbiná, àwọn ará Tibet kan ń lu àwọn ẹ̀yà Han tó pọ̀ jù ní Ṣáínà àtàwọn Hui tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n ń dáná sun ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìyẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní kò ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin 5 kú sínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan tí wọ́n sun, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ jẹ́ ọmọ Tibet fúnra ẹ̀. CCTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba, wá gbé fídíò ọjọ́ 14 yẹn, wọ́n ń gbé e léraléra títí gbogbo Ṣáínà fi wò ó. Ṣé wọ́n bò ó báyìí? Ohun tí wọn ò gbé ni ọjọ́ 10, ohun táwọn mọ́ńkì ń bèèrè, àtohun tójú àwọn ará Tibet rí nígbà tí wọ́n wá palẹ̀ rògbòdìyàn náà mọ́. Àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Wọ́n lé àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè kúrò ní Tibet nígbà yẹn, nígbà tí oṣù ń parí lọ wọ́n wá kó díẹ̀ padà wá pé kí wọ́n wá wò ó pé ìlú ti tòrò. Bí wọ́n ṣe dé tẹ́ńpìlì Jokhang báyìí ni mọ́ńkì bí 30 ya bò wọ́n, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pariwo pé àwọn ò lómìnira, irọ́ nìjọba ń pa. Níwájú kámẹ́rà! Èèyàn á rò pé ìjọba á ní láéláé, àwọn ò tún mú àlejò wá mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tún fẹ ilẹ̀kùn náà sí i.

Ọ̀rọ̀ Urumqi, olú ìlú Xinjiang ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, ibi tó jìnnà sí Urumqi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní Shaoguan, ìpínlẹ̀ Guangdong, ẹnì kan gbé òfegè káàkiri pé àwọn ọkùnrin Uyghur, ẹ̀yà Mùsùlùmí tó jẹ́ ará Xinjiang, fipá bá obìnrin Han lò, ni àwọn òṣìṣẹ́ Han bá ya bo àwọn Uyghur lóru, oṣù kẹfà ọdún 2009, ìjọba ní èèyàn 2 ló kú. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù keje, àwọn Uyghur jáde ní Urumqi pé àwọn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n bá ẹjọ́ Shaoguan dé, kó tó dalẹ́ ó ti di ìpakúpa, iye tí ìjọba kà gbẹ̀yìn ni 197, wọ́n ní Han ló pọ̀ jù. Xinhua, ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba, ò fi falẹ̀ rárá, wọ́n kéde ẹ̀. Wọ́n ṣí ibùdó akọ̀ròyìn sí hòtẹ́ẹ̀lì kan, íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Níbẹ̀ nìkan o! Gbogbo Xinjiang yòókù ni wọ́n ti gé íntánẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n gé tẹ́ẹ̀sì, wọ́n gé ìpè sókè òkun, ó di oṣù karùn-ún ọdún 2010 kí wọ́n tó dá íntánẹ́ẹ̀tì padà tán. Àlejò ń rí i lò, onílé ò rí. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n ti Facebook pa.

Ọjọ́ 7 wọ́n kó àwọn akọ̀ròyìn lọ wo ibi tó jóná, àwọn obìnrin Uyghur tún já lù wọ́n, ẹkún ni, wọ́n ń na káàdì ìdánimọ̀ ọkọ àtọmọ wọn tí wọ́n ti kó lọ sókè, obìnrin kan tó ń fi ọ̀pá rìn lọ dá dúró níwájú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Aráyé rí i o, fọ́tò ẹ̀ yí ayé ká. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé, ojú ẹ̀jẹ̀ àwọn Han àti orúkọ Rebiya Kadeer ló ń gbé, ìyá Uyghur kan tó ń gbé Amẹ́ríkà, pé òun ló wà nídìí ẹ̀. Ìyá náà ní ọwọ́ òun ò sí níbẹ̀. Lóṣù kẹjọ wọ́n tún gbé lẹ́tà jáde, wọ́n ní àwọn ọmọ ẹ̀ ló kọ ọ́, pé ìyá àwọn ló fà á. Ti Tibet, Dalai Lama ni wọ́n dá lẹ́bi, olórí ẹ̀sìn àwọn ará Tibet tó ń gbé òkèèrè. Ẹni tó wà lókèèrè ló máa ń dáa jù fún irú ẹ̀, torí tó bá ti jẹ́ pé ẹnì kan ló ń ti ibòmíì fa okùn, kò sẹ́ni tó máa tún bèèrè pé kí ló ń dun àwọn èèyàn yìí gan-an.

Ta wá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀? Kì í ṣe Uyghur, wọn ò retí kí Uyghur gbà á gbọ́. Han ni. Àwọn Han náà gbà á gbọ́ débi pé ọjọ́ 7 kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kó igi àti irin dání, wọ́n ń wá Uyghur kiri, ìjọba ní láti yin tajútajú sí wọn, wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Oṣù kẹsàn-án wọ́n tún jáde pé àwọn Uyghur ń fi abẹ́rẹ́ gún àwọn, ìjọba ò sì dáàbò bo àwọn, kí Wang Lequan tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní Xinjiang kúrò lórí àga. Wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ̀gá ẹgbẹ́ nílùú Urumqi, Li Zhi, láti fi tù wọ́n lójú, nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2010 Wang náà lọ.

Tí wọ́n bá wá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Èrò tó gbalẹ̀ ni pé ìjọba ń sanwó fáwọn kan kí wọ́n máa bá ẹni tó bá ń bú wọn jà. Lọ́dún 2017 àwọn olùwádìí mẹ́ta, Gary King, Jennifer Pan àti Margaret Roberts, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ímeèlì tó jò síta láti ọ́fíìsì ìjọba kan ní Zhanggong, ìpínlẹ̀ Jiangxi, póòsìtì 43,757 ni wọ́n rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́. Ká má parọ́, kò fẹ́ẹ̀ sí ìjà níbẹ̀: ìyìn ìjọba ni, ìyìn àwọn akọni tó kú fún Ṣáínà ni, kò sì lọ geere, ńṣe ló ń rọ́ jáde gùdùgbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, bíi lẹ́yìn rògbòdìyàn Shanshan ní Xinjiang lọ́dún 2013. Wọ́n fojú bù ú pé gbogbo Ṣáínà lè máa kọ irú ẹ̀ tó mílíọ̀nù 448 lọ́dún kan. Ẹni tó bá wá ń wá wọn láàárín àwọn tó ń bú èèyàn nídìí kọ́mẹ́ńtì, ibi tí wọn ò sí ló ń wò.