Àwọn Tó Ra Chelsea Yìí Ò Fẹ́ràn Bọ́ọ̀lù

Wọ́n tún ti ṣe é o! Maresca, kóòṣì Chelsea, ti lọ. Ọjọ́ kìíní ọdún 2026, tí àwọn èèyàn ń jẹ ìrẹsì ọdún lọ́wọ́, ni wọ́n kéde pé àwọn àti ọkùnrin náà ti pínyà. Ẹni tó gba ife Conference League, tó tún na PSG ní 3-0 ní Amẹ́ríkà, tó gbé ife àgbáyé àwọn kílọ́ọ̀bù wálé. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà! Ta ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀? Rosenior, láti Strasbourg, kílọ́ọ̀bù kejì tí àwọn náà ni ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n já kóòṣì gbà lọ́wọ́ àwọn ẹni ẹlẹ́ni láàárín sáà, torí pé àpò kan náà ni méjèèjì wà. Oṣù kẹsàn-án 2025 ni wọ́n ti kéde pé Emegha, balógun Strasbourg, ń bọ̀ ní Chelsea. Kí ni ẹ fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ ṣe? Wọ́n ń fapá jánú, mi ò sì bá wọn wí.

Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ àjèjì ló ń bí mi nínú. Àjèjì ni Abramovich tó ni Chelsea tẹ́lẹ̀ náà, ará Rọ́ṣíà ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn fẹ́ ife! Nígbà tí Drogba gbá pẹ́nárítì ìkẹyìn yẹn wọlé ní Munich ní 2012, tí a fi gba ife Champions League, Mikel Obi tiwa, ọmọ tí wọ́n bí ní Jos níbí, wà lórí pápá látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ní 2022 ni Boehly, olówó Amẹ́ríkà, àti ilé iṣẹ́ onídòkòwò Clearlake dé, àwọn ló ni Chelsea báyìí. Bílíọ̀nù 2.5 pọ́ùn ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì ṣèlérí bílíọ̀nù 1.75 mìíràn lé e. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé wọ́n háwọ́. Wọ́n ra Enzo ní mílíọ̀nù 106.8 pọ́ùn, wọ́n ra Caicedo ní 115. Mudryk, wọ́n bá a tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́jọ ààbọ̀! Àmọ́ wọ́n ń ra àwọn ọmọdé bí àwọn tó ń ra ilẹ̀ kiri Lùgbé àti Kùjé ní Àbújá: wọn ò kọ́lé, wọn ò gbin àgbàdo, wọ́n kàn ń dúró kó gbówó lórí kí wọ́n tà á.

Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ 2024 ò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Aago mọ́kànlá ni ọjà agbábọ́ọ̀lù fẹ́ tì ní ìlú òyìnbó, aago mọ́kànlá náà sì ni tiwa ní Kúbwà, ní Àbújá níbí. Osimhen, atamátàsé tiwa, ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé Osimhen ń bọ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù Chelsea kankan tí a fẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ náà o, síbẹ̀ ilé ìwòran kún fọ́fọ́. NEPA ti mú iná láti ìrọ̀lẹ́, a dáwó epo fún Mallam tó ni ibẹ̀, ó sì tan jẹnẹrétọ̀. Oníkálukú tẹjú mọ́ fóònù. Bùrọ̀dá kan tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wa ti ra jẹ́sì, ó ti ní kí wọ́n tẹ OSIMHEN àti 9 sí i lẹ́yìn, ó sì wọ̀ ọ́ wá. Lẹ́tà funfun gàdàgbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni, H inú rẹ̀ ti ń ṣí létí. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, ọmọ kan pariwo pé wọ́n ti gbà. A fò sókè, a dì mọ́ra wa, àwọn ọmọ Arsenal tó jókòó lẹ́yìn dákẹ́ lọ gbári. Irọ́ ni! Aago mọ́kànlá lù, a ò rí Osimhen. Wọ́n ní wọn ò rí ọ̀rọ̀ owó oṣù rẹ̀ yanjú. Ta ni a wá rí? Sancho! Sancho tí Man U ò fẹ́ rí sójú mọ́. Sterling sì gba Arsenal lọ. Mallam pa jẹnẹrétọ̀, ó ní, “Sai haƙuri,” pé ká ṣe sùúrù. Bùrọ̀dá yẹn ò sọ̀rọ̀ kankan. Ó bọ́ jẹ́sì náà, ó ká a sábẹ́ abíyá, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ délé.

Kí ni Osimhen wá ṣe? Ó lọ sí Galatasaray, ó gbá góòlù 26 wọlé nínú líìgì Tọ́kì, òun ló gbá góòlù jù níbẹ̀, wọ́n sì gba líìgì. Sancho tí wọ́n yá fún wa ńkọ́? Mílíọ̀nù 5 pọ́ùn ni wọ́n tún san kí wọ́n tó lè dá a padà! Wọ́n sanwó kí ó lè lọ! Félix tí wọ́n rà ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà, kí oṣù kejì 2025 tó parí ó ti wà ní Milan. Owó wà fún ìyẹn. Owó oṣù Osimhen ni kò sí.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, àmọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Mount tó dàgbà sọ́wọ́ wa, òun ló fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Havertz ní Porto ní 2021 tí a fi di ọ̀gá Yúróòpù. Ní 2023, wọ́n ta Mount fún Man U, wọ́n ta Havertz fún Arsenal. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó kan náà ni! Gallagher, tó ń sáré títí ẹ̀mí fi fẹ́ bọ́, tó so okùn balógun mọ́ apá, wọ́n lé e lọ sí Atlético. Torí kí ni? Torí pé ọmọ tí kílọ́ọ̀bù tọ́ fúnra rẹ̀, tí wọ́n bá tà á, gbogbo owó rẹ̀ ni wọ́n máa kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí èrè. Ìfẹ́ tó ní sí aṣọ yẹn ò sí nínú ìwé ìṣirò wọn. Madueke tó ní ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà lára, a ò tíì gbá àṣekágbá ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ní kó máa lọ bá Arsenal. Arsenal lẹ́ẹ̀kan sí i! Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi wá ṣẹ̀sín ní Kúbwà níbí.

Àwa sì ń sanwó. Owó ìwòran ti gòkè, torí epo ti gòkè, torí àwọn tó ń ta sátẹ́láìtì ò yé fowó kún owó wọn. Wọ́n ní Band A, àwọn tó yẹ kó níná jù tó sì ń sanwó jù, ni àdúgbò wa, wọ́n ń gba owó Band A, iná ò sì dúró títí ìdajì àkọ́kọ́ fi máa parí. Ẹ bi àwọn ọmọ Man U náà léèrè. Láti 2005 ni àwọn Glazer ti fi gbèsè tí wọ́n fi ra kílọ́ọ̀bù lé kílọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ lórí. Wọ́n ta McTominay tí wọ́n tọ́ láti kékeré fún Napoli, ó débẹ̀, ó gba líìgì Ítálì, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù. Inú àwọn náà ò dùn.

Ó tó gẹ́ẹ́! Ní Jámánì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ìbò tó pọ̀ jù nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn kílọ́ọ̀bù wọn, olówó kan ò lè déédéé dé kó tú ilé ká. Bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe ní Chelsea. Kí wọ́n fún wa ní ìbò, kí wọ́n sì ka àwa tí a wà ní Kúbwà mọ́ ọn, torí a ti sanwó, a ti sunkún. Tí wọn ò bá lè ṣe é, kí wọ́n tà á fún ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n sì ra atamátàsé!