Àtúnṣe: Kò dìgbà tí èèyàn bá sun ìta kí káńsù tó ràn án lọ́wọ́

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba, pé ẹni tó bá ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kò lè rí ìrànlọ́wọ́ káńsù (ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀) gbà láti háyà ilé, àfi kó kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀ kó sì sun ìta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ léwu, nítorí káńsù lè sọ pé ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jáde ló mọ̀ọ́mọ̀ di aláìnílé.

Lábẹ́ òfin ọdún 2017 lórí ọ̀rọ̀ àwọn aláìnílé (Homelessness Reduction Act), tó wà fún England, bí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìrànlọ́wọ́ bá lè di aláìnílé láàárín ọjọ́ 56, irú bí ẹni tí họ́sítẹ́ẹ̀lì ti fún ní lẹ́tà pé kó kó jáde, káńsù gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n sì kọ ètò ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Káńsù mìíràn a máa bá èèyàn san owó ìdógò, tàbí kí wọ́n ṣe onídùúró fún un lọ́dọ̀ onílé, bí kò tilẹ̀ pọn dandan. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tí físà rẹ̀ kò gbà á láyè láti gba owó ìjọba.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí gov.uk, ìkànnì ìjọba, tàbí lọ́dọ̀ Shelter, àjọ aláàánú tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ilé. Bí káńsù bá sì kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú lẹ́tà. Ire ni àwọn tó pín àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń wá, nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí i.